Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àwọn Abẹ Wa Tí Wọ́n Kó Lọ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Ọ̀yọ́.

Ọlọ́lá jù lọ,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa oníṣọ̀nà awọ ìlú Ọ̀yọ́ kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ayébáyé, àwa la ń rán làbà, ìyẹn àpò awọ, fún àwọn oníṣàngó, tìmùtìmù fún ààfin, àti àkọ̀ fún idà ọba. Ẹ yọ iṣẹ́ awọ kúrò ní Ọ̀yọ́, kí ni àlejò fẹ́ wá rà?

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba ohun ìjà kiri wọ ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n sì kó gbogbo abẹ tí a fi ń ṣiṣẹ́ awọ lọ. A ní irinṣẹ́ ni. Wọ́n ní ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ ń jẹ́. Alága wa, èyí tó fẹjú, tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, la fi ń la awọ ewúrẹ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń bó ojú awọ kí ọnà lè yọ. Òmíràn wà tí a fi ń fá etí awọ títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó ṣẹ́po. Irin sípíríìnì mọ́tò ni alágbẹ̀dẹ fi rọ wọ́n, baba ló sì fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n dà wọ́n sínú àpò kan náà pẹ̀lú àdá, ẹnu wọn ń kan ara wọn! Ó dùn wá, a kò lè purọ́ fún yín. Wọ́n tún ní ká san ₦5,000 lórí ẹyọ kan kí á tó gbà á padà. Abẹ tí wọ́n fi ń fá irun la ń lò báyìí, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́ mọ́ awọ lára.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá abẹ wa padà láìgba kọ́bọ̀. Ẹ bá wa wo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ àti gọ́tà tó dí pẹ̀lú.

A ṣì ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ kí wọ́n ṣe sùúrù. Àwọn tó ń ṣe ìlù, tí abẹ tiwọn náà bá a lọ, àti àwọn alágbẹ̀dẹ ti ní ibi tí a bá gbà làwọn yóò gbà. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá kọjá tí a kò gbúròó yín, a ó ti ṣọ́ọ̀bù, a ó sì wá kí yín ní ọ́fíìsì, tàgbà tèwe, tìyàwó tọmọ.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
fún gbogbo oníṣọ̀nà awọ.