Ẹ Má Tíì Ra Kọ̀ǹpútà Tuntun Nítorí Flight Simulator

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn òbí àti olùkọ́ tí ọmọ wọn fẹ́ràn wíwa bàálù. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù ní Abẹ́òkúta, láti Pànṣẹ́kẹ́ dé Kútọ̀, ni pé kọ̀ǹpútà tokunbọ̀ kò lè gbé flight simulator (ètò tí a fi ń wa bàálù lójú kọ̀ǹpútà), àfi tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tokunbọ̀ tó ní RAM 8 GB àti káàdì gíráfíìkì tó mọ níwọ̀n yóò gbé FlightGear, ọ̀kan lára àwọn flight simulator, lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Bó bá ń fà, tó ń lọ́ra, dúráífà gíráfíìkì (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì náà) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Lórí Ubuntu, ọ̀kan lára irú Linux, ẹ ṣí Terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ sudo apt install flightgear mesa-utils. Ó ju 1 GB lọ, nítorí náà kí dátà wà nílẹ̀. Kí ẹ tó ṣí i rárá, ẹ tẹ glxinfo -B, kí ẹ wo ìlà OpenGL renderer. Bí ẹ bá rí orúkọ Intel, AMD tàbí NVIDIA níbẹ̀, ó dára. Bó bá jẹ́ llvmpipe lẹ rí, a jẹ́ pé káàdì gíráfíìkì jókòó lásán, CPU nìkan ló ń ya gbogbo òkè, ilé àti àwọsánmà. Ẹ dín àwòrán kù títí, yóò ṣì máa fà.

NVIDIA ló máa ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù. Ẹ tẹ sudo ubuntu-drivers install. Bí Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ètò tí kò mọ̀) bá wà ní títàn (àṣẹ mokutil --sb-state ni yóò sọ fún yín), Ubuntu yóò ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbì kan. Bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn, ojú búlúù kan á yọ: Enroll MOK ni kí ẹ mú, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á tẹ Continue boot kí ojú búlúù náà lè tètè lọ, Linux á wá kọ̀ láti gba dúráífà náà wọlé. Ẹ fi nvidia-smi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dárúkọ káàdì yín, ó ti wọlé. Laptop tó ní Intel àti NVIDIA pọ̀ sábà máa ń lo Intel, nítorí náà báyìí ni kí ẹ ṣe ṣí FlightGear (fgfs ni àṣẹ rẹ̀):

__NV_PRIME_RENDER_OFFLOAD=1 __GLX_VENDOR_LIBRARY_NAME=nvidia fgfs

Ẹ má lò ó lórí bátìrì, torí kọ̀ǹpútà á dín agbára ara rẹ̀ kù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó wá ń fà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ooru ni; ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò nínú fáànù rẹ̀. Fírémù (àwòrán) 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó dúró ṣinṣin sàn ju 60 tó ń ta gìrì lọ; ẹ fi èyí kún ẹ̀yìn fgfs: --prop:/sim/frame-rate-throttle-hz=30.

Ti dátà ńkọ́? TerraSync, apá kan nínú FlightGear, máa ń fa àwòrán ilẹ̀ wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì bí bàálù ṣe ń lọ, sínú ~/.fgfs/TerraSync. Níbẹ̀, fódà e003n07 ni ti Abẹ́òkúta, e003n06 ni ti Èkó. Kí ilé ìwé fà á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi àṣẹ tar dì í sínú fáìlì kan, kí wọ́n fi fláàṣì kó o lọ sórí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kí wọ́n tú u níbẹ̀, kí wọ́n sì lo --disable-terrasync pẹ̀lú --fg-scenery tó ń tọ́ka sí fódà náà. Fláàṣì tí wọ́n fọ́máàtì ní FAT32 kò gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ. ExFAT ni kí wọ́n lò.

Kí àwọn ọmọ wá gbéra lókè Abẹ́òkúta níhìn-ín:

fgfs --aircraft=c172p --lat=7.15 --lon=3.35 --altitude=3000 --heading=180 --vc=100

Ẹ má yọ --vc (eré bàálù) kúrò. Láìsí i, bàálù á bẹ̀rẹ̀ lójú sánmà láìní eré kankan, á sì máa já bọ̀. Gúúsù tààrà ni pápákọ̀ òfurufú Èkó, tí kóòdù rẹ̀ ń jẹ́ DNMM, wà, nǹkan bíi kìlómítà 63, tí Cessna yìí á fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú rìn. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ 18L àti 18R ni wọ́n á bá níwájú, torí ìwọ̀n 180 lórí kọ́ńpáàsì ni méjèèjì dojú kọ. Bí wọ́n bá ti ń balẹ̀, kí eré wà ní nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 65 (bíi kìlómítà 120 ní wákàtí kan).

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbarà, Abẹ́òkúta