Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: bátìrì Hilux yín, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ nílé

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ sì kú ìfaradà owó epo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Hilux kó iṣu àti tòmátì láti Ìsẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Bódìjà lẹ pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè wá ní ìdájí: ọkọ̀ kò sítáàtì, ẹrù ti wà lẹ́yìn, kí a tètè rán ọmọ iṣẹ́ wá. A kì í kọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ka owó epo tí a fi dé ọ̀dọ̀ yín mọ́ owó bátìrì, ìnáwó náà ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí sípánà tẹ́ǹ lè ṣe ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí.

Kí ẹ tó náwó rárá, ṣé ó dá yín lójú pé bátìrì ló kú? Mo mọ̀ pé bátìrì ni mò ń tà, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá fún wa, orí rẹ̀, ìyẹn ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn, ló kàn dípẹtà. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù níbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú orí bátìrì náà bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbo ó, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá dì í le. Tí ọkọ̀ bá sítáàtì, ẹ ti jèrè owó yín.

Tí kò bá sítáàtì, ẹ wá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú, máa ń ka nǹkan bíi 12.6 volt. Tó bá jẹ́ 12.2, ìdajì agbára rẹ̀ ló kù. Ẹ lọ cháàjì rẹ̀ ná. Tó bá dúró sí nǹkan bíi 10.5 lẹ́yìn tí ẹ ti cháàjì rẹ̀, ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, kò sí àtúnṣe. Tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó ka láàárín 13.8 sí 14.5. Tí kò bá gòkè kúrò ní iye tó wà kí ẹ tó sítáàtì, alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ni kò cháàjì. Tí ẹ bá ra bátìrì tuntun sí i, yóò kú bíi ti àkọ́kọ́. Onírewáyà lẹ máa lọ bá nígbà yẹn, kì í ṣe èmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò. Mo mọ̀ pé bí àwọn ọ̀gá wa ṣe ń ṣe é láyé Peugeot 504 nìyẹn. Hilux òde òní ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, iná tó bá ru sókè lójijì lè bà á jẹ́, owó rẹ̀ sì ju ti bátìrì lọ fíìfíì.

Tó bá wá jẹ́ bátìrì ló kú lóòótọ́, ẹ sọ fún wa bóyá ti díísù ni tàbí ti pẹtiróòlù. Ẹ́ńjìnnì díísù ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an kó tó lè gbiná, nítorí náà agbára tó fi ń yí ju ti pẹtiróòlù lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kékeré tàn yín torí pé ó rọjú. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ tí positive, ìyẹn orí tó ní àmì +, wà. Tó bá jẹ́ òdìkejì, wáyà kò ní dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ náà gan-an rèé. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì máa ń gbiná. Negative lẹ máa kọ́kọ́ tú, ìyẹn wáyà dúdú. Gbogbo irin ara ọkọ̀ ló so mọ́ negative. Tó bá jẹ́ positive lẹ kọ́kọ́ tú, tí sípánà sì kan irin, iná á ṣẹ́ yọ lójú yín. Lẹ́yìn negative, ẹ tú positive, ẹ tú irin tó dì í mú, ẹ gbé e jáde ní òòró. Ó wúwo, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín gbé e.

Tuntun, ẹ di irin rẹ̀ le dáadáa, torí kòtò ojú ọ̀nà wa ń gbọn inú bátìrì títí yóò fi fọ́. Positive lẹ máa kọ́kọ́ so báyìí, negative á kẹ́yìn. Orí positive tóbi díẹ̀ ju ti negative lọ, nítorí náà tí orí kan kò bá wọlé, ẹ má fi òòlù lù ú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé e sódì. Ẹ fi faselíìnì pa á lórí. Aago àti rédíò lè gbàgbé ohun tó mọ̀, ẹ tún un ṣètò.

Tí ásíìdì bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án. Tó bá jẹ́ ojú, ẹ máa da omi sí i, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ.

Àlòkù yẹn, ẹ má da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré tó ń ra àlòkù fi àdá là á lẹ́yìnkùlé. Òjé ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ gbé e wá fún wa, a ó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ti tuntun. A kì í gba owó lórí wíwọn bátìrì, Ajé sí Sátidé. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí kò lè gbé e, ẹ ṣì máa pè wá; ọmọ iṣẹ́ á wá.