Olóòtú, ẹ bá wa sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ́síjìn nìkan

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti 2020 tí kòrónà ti gbòde, mi ò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni tèmi. Tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ èèyàn láyà, ì báà jẹ́ flu, ì báà jẹ́ kòrónà, ì báà jẹ́ RSV tó máa ń da àwọn ọmọ ọwọ́ láàmú, ọ́síjìn ni gbogbo èèyàn ń béèrè, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wo sódíọ̀mù, ọ̀kan lára àwọn iyọ̀ yìí, òun náà ló wà nínú iyọ̀ tá à ń jẹ. Ó yẹ kó wà láàárín 135 sí 145 mmol (ìwọ̀n tá a fi ń kà á ní láàbù) nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, àìsàn àyà sì máa ń já a wálẹ̀ gan-an. Tí àwọn ẹbí bá ti gbọ́ pé ó wálẹ̀, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká fi iyọ̀ kún oúnjẹ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà iyọ̀ ò tán lára ẹ̀ rárá, omi ló pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn, ara ríro, èébì, gbogbo ẹ̀ ló ń mú kí ọpọlọ tú họ́mónù kan sílẹ̀ tó ń sọ fún kíndìnrín pé má da omi nù o, omi á wá kóra jọ, á bomi la sódíọ̀mù. Àwọn tó wá kí i á tún máa ní mu omi, mu omi dáadáa! Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ló gbé omi àti iyọ̀ lọ pọ̀, ìtọ́jú tiẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní ká yẹ ìtọ̀ wò mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn àgbàlagbà. Bàbá á máa sùn ṣáá, á máa sọ kántankàntan, kò ní mọ ibi tó wà, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní ọjọ́ orí ni, kò sẹ́ni tó ronú kan sódíọ̀mù títí gìrì á fi dé. Wọn kì í sì í fi ìkánjú gbé e sókè o, tó bá fi ju bíi mmol 8 sí 10 lọ sókè láàárín wákàtí 24 ó lè ba ọpọlọ jẹ́, torí náà kẹ́nikẹ́ni má dáwọ́ lé e nílé.

Potásíọ̀mù, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ kejì, náà wà ńbẹ̀, 3.5 sí 5 ni tiẹ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń gbé e lọ, salbutamol, oògùn tó ń la ọ̀nà èémí tí wọ́n ń fà símú, ń tì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì, dexamethasone, oògùn tí wọ́n fi ń dín wíwú ẹ̀dọ̀fóró kù, lè jẹ́ kó bá ìtọ̀ lọ, ọkàn á wá máa lù ségesège. Tí magnesium, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ mìíràn, náà bá ti lọ sílẹ̀, ẹ lè máa rọ potásíọ̀mù sí i lára kó má dúró.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fa ẹ̀jẹ̀, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá fi agbára fà á tàbí tẹ́ ẹ mì í jìgìjìgì, sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ́, potásíọ̀mù inú ẹ̀ á dà sínú omi ẹ̀jẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 2.8 á wá jáde bíi 4, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Mo ti dá irú ẹ̀ padà rí, wọ́n bínú sí mi gan-an, a tún un fà, ó sì lọ sílẹ̀ lóòótọ́.

Olóòtú, ẹ bá mi fi sójú ìwé ìlera yín. Kí ẹni tó ní èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì máa béèrè pé mélòó ni sódíọ̀mù ẹ̀, mélòó ni potásíọ̀mù ẹ̀, ìgbà wo lẹ máa tún un yẹ̀ wò?

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan