Egbò ti jinná, àyẹ̀wò ò tíì tán

Sí Olóòtú,

Ẹ̀yin àfín tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ awọ ara fún, àti ẹ̀yin ẹbí wọn, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ okùn tí wọ́n fi rán ojú abẹ, tí egbò sì jinná, ọ̀pọ̀ kì í padà sílé ìwòsàn mọ́. Wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ń dùn wọ́n. Bẹ́ẹ̀, èyí tó ń padà bọ̀ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé. Inú rẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá wọ́n kó jẹjẹrẹ náà tán tàbí ó kù létí ibi tí wọ́n gé. Fáìlì lè sọnù. Ẹ̀dà ọwọ́ yín ni dókítà mìíràn máa rí wò.

Fún ọdún 2 àkọ́kọ́, ẹ máa lọ ní oṣù 3 sí 6 síra, bí dókítà bá ṣe dá a, torí àsìkò yẹn ni èyí tó bá máa padà sábà ń yọjú. Lẹ́yìn náà ó lè di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró: awọ tí oòrùn ti bà jẹ́ láti kékeré lè mú òmíràn jáde níbòmíì.

Lóṣooṣù, nílé, kí ẹlòmíì yẹ̀ yín wò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Mo ní ẹlòmíì torí ojú ọ̀pọ̀ àfín ò ríran tó. Dígí nìkan ò tó. Kó wo etí àti ẹ̀yìn rẹ̀, ètè ìsàlẹ̀, ìpàkọ́, ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ bẹ onídìrí tàbí onígbàjámọ̀ yín kó máa bá yín wo awọ orí. Ta ló ń rí i tó wọn? Kó fọwọ́ tẹ ojú àpá. Àpá tó dáa máa ń rọ̀ sí i ni. Bó bá ń le, tàbí tó ń ṣe èépá, tí èépá ṣí, tó ṣẹ̀jẹ̀, tó tún ṣe èépá, tí ọ̀sẹ̀ 4 fi kọjá, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Kó tún fọwọ́ wá abẹ́ àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká: kókó tó tó hóró ẹ̀wà, tó le, tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ilé ìwòsàn ló kàn. Ewé gígún tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn ń bo ojú rẹ̀ lásán ni.

Ìpara adènà oòrùn, kí SPF rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó láti dènà oòrùn, tó 30. Ẹ fún un sórí ìka 2, láti ìdí ìka dé ṣóńṣó: ti ojú àti ọrùn nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí 2, ẹ tún un fi. Òrí ò lè dípò rẹ̀. Bó bá wọ́n jù, aṣọ alápá gígùn tó dí àti fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ yí orí ká ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Féèsì káàpù kì í bo etí àti ìpàkọ́, oòrùn sì ń mú ibẹ̀ gan-an.

Nọ́ọ̀sì awọ ara kan,
Ìbàdàn