Sí Ọmọ Mi Tó Ń Wọ Láàbù Lọ́jọ́ Ajé

Àyìnkẹ́ mi,

A ti rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́. Bàbá rẹ kà á sókè, èmi náà gbà á, mo tún un kà. Olùrànlọ́wọ́ onímọ̀ ìwádìí sáyẹ́ǹsì! A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nítorí pé inú láàbù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ Ajé tó pé.

Àárín ni ipò tí wọ́n fún ọ yìí wà. O ti kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́, o ò sì tíì di ẹni tó ń darí ìwádìí. Ọ̀gá rẹ ni yóò gbé ìbéèrè kalẹ̀, òun ni yóò wá owó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni iṣẹ́ yóò ti jáde. Bí irọ́ bá máa wọ inú ìwádìí náà, ẹnu ọ̀nà rẹ ni yóò gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o kọ, ìbáà yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀gá ń retí, ìbáà yàtọ̀ sí ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń gbàdúrà fún.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àkọsílẹ̀. Kọ déètì sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Báírò ni kí o máa lò, má lo pẹ́ńsùlù. Tí o bá ṣi nǹkan kọ, fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí o wá kọ èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má ya ojú ewé kankan. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò kẹ́míkà, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ẹ̀rọ tí o lò, ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò kẹ́yìn bóyá ó ṣì ń wọn nǹkan bó ṣe yẹ, bí yàrá ṣe gbóná tó, gbogbo rẹ̀ ni kí o kọ, kí o sì kọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí o bá fi sílẹ̀ dalẹ́, ọpọlọ rẹ á ti tún un ṣe kí o tó jókòó. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ ìwọ̀n sí ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ rẹ̀; nígbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà sínú ike ìdọ̀tí, iṣẹ́ àárọ̀ náà bá a lọ. Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, dátà bó ṣe jáde látinú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ yí padà. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, orí ẹ̀dà yẹn ni kí o ti máa ṣe ìṣirò.

Ó lè dà bí ohun kékeré lójú rẹ, nítorí náà mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Norman Heatley fún ọ. Ọdún 1928 ni Alexander Fleming ti ṣàwárí pẹnisílíìnì, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, oògùn náà kò ṣe é yọ jáde dáadáa. Ní Oxford, abẹ́ Howard Florey ni Heatley ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló dábàá pé kí wọ́n gbé oògùn náà kúrò nínú ether, kẹ́míkà olómi kan, padà sínú omi tí wọ́n ti yí bí ásíìdì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó padà, ọ̀nà yẹn ló sì ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1940, wọ́n fi bakitéríà aṣekúpani sára eku mẹ́jọ. Mẹ́rin gba pẹnisílíìnì, mẹ́rin kò gba nǹkan kan. Heatley dúró tì wọ́n títí aago mẹ́ta òru fi kọjá, ó ń kọ bí eku kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sílẹ̀. Kí ó tó lọ sílé, mẹ́rin tí kò gba oògùn ti kú tán. Àwọn tó gbà á ṣì wà láàyè.

Wo eku mẹ́rin tí wọn kò fún ní nǹkan kan yẹn dáadáa. Láìsí wọn, kí ni ìyè àwọn yòókù ì bá fi hàn? Ẹnikẹ́ni lè sọ pé bakitéríà náà ni kò lágbára. Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí o bá máa ṣe, wá èyí tí o kò ní fi ohun tí o ń dán wò kàn, kí o tọ́jú rẹ̀ bákan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́jọ́ kan, òun ni yóò kọ́kọ́ máa wù ọ́ láti fò. Má fò ó.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù nìyí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àbájáde rẹ kò ní bá àwòrán tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ní lọ́kàn mu. Bóyá àkókò fífi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ ti sún mọ́, bóyá owó ìwádìí ń tán lọ. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún ọ pé kí o purọ́. Wọ́n á kàn ní kí o tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n á ní nọ́ńbà kan yìí jìnnà sí àwọn yòókù, bóyá kí a yọ ọ́. Títún àyẹ̀wò ṣe dára, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ jáde náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé rẹ. Bí nọ́ńbà kan bá máa kúrò, òfin tó yọ ọ́ ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó rí àbájáde, kí ẹ sì sọ ọ́ fún òǹkàwé. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nínú láàbù nígbà mìíràn, ó sì máa ń dun ni.

Ṣùgbọ́n rántí Jocelyn Bell. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Cambridge lọ́dún 1967, ó ń fi ojú yẹ bébà tó ń tú jáde látinú ẹ̀rọ awò ojú ọ̀run wò, nǹkan bíi mítà 30 lójúmọ́. Ó rí àmì kékeré kan tí kò bá ohunkóhun tó mọ̀ mu. Olùdarí rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ariwo ẹ̀rọ ọmọ aráyé ni. Bell kò fi í sílẹ̀, ó padà sórí àwọn bébà àtijọ́, ó bá a níbẹ̀. Ìràwọ̀ tó ń yí, tí ìtànṣán rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 1.3 síra wọn ni. Kò sẹ́ni tó ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1974 lọ sọ́dọ̀ olùdarí rẹ̀ àti Martin Ryle, onímọ̀ ojú ọ̀run mìíràn; kò kan Bell.

Ti Heatley náà kò yàtọ̀. Nobel ọdún 1945 jẹ́ ti Fleming, Florey àti Ernst Chain tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Oxford. Ọdún 1990 ni Oxford tó fún Heatley ní oyè ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ìdánilọ́lá. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà lórí àpilẹ̀kọ wọn inú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ọdún 1940, àárín orúkọ méje tí wọ́n tò ní a-b-d. Nítorí náà, béèrè ọ̀rọ̀ orúkọ òǹkọ̀wé nígbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Bi ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ wo ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi máa ń ṣe kí orúkọ rẹ̀ tó wọ àpilẹ̀kọ?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwà àfojúdi. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí iṣẹ́ parí, ìbínú ni yóò bá yín sọ̀rọ̀. Gba nọ́ńbà ORCID pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùṣèwádìí, ọ̀fẹ́ ni, kí iṣẹ́ rẹ má bàa bọ́ sórí ẹlòmíràn tí orúkọ yín jọra.

Ka ọjọ́ tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ máa parí, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n nípa èyí tó kàn kí ó tó ku oṣù díẹ̀. Bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń fọ ìgò àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn ló mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣàìsàn.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ni mo fi sẹ́yìn. Karen Wetterhahn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì tó mọ̀ nípa májèlé inú irin dáadáa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996, ẹ̀kán díẹ̀ nínú dimethylmercury, májèlé olómi kan tó ní mẹ́kúrì nínú, bọ́ sórí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wọ̀. Ó gba inú ìbọ̀wọ́ náà kọjá, ní oṣù Kẹfà ọdún 1997 ó kú. Kò ṣàìbìkítà, ìbọ̀wọ́ yẹn ni gbogbo ènìyàn ń lò nígbà náà. Ìwọ ka ìwé ààbò tó bá kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan wá kí o tó ṣí i, kí o sì mọ irú ìbọ̀wọ́ tó lè dá a dúró. Bí ó bá ti rẹ̀ ọ́ lóru, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ dọ̀la.

Lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó fi àga rẹ hàn ọ́, ní kí wọ́n fi ibi tí omi ìfọjú pàjáwìrì wà hàn ọ́. Kọ̀wé sí wa lópin ọ̀sẹ̀, kí o sọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ fún mi, àti ẹ̀rọ tí o fi ń ṣe é. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún wa.

Èmi ni,
Màmá rẹ