Bátìrì méjì ni ó wà nínú MGB, ẹ má ṣe pààrọ̀ ẹyọ kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí ojú ìwé ọkọ̀ tí ẹ ń ṣe fún àwa tí a wà lókè òkun. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí akọ̀wé yín ti sọ pé bí ọ̀kan nínú bátìrì MGB, tí í ṣe ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bá ti kú, kí ọlọ́kọ̀ ra ẹyọ kan péré láti fi rọ́pò rẹ̀, kí ó má baà ná owó méjì. Mo bọ̀wọ̀ fún akọ̀wé náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn yóò ra bátìrì mẹ́ta níbi tí méjì ìbá ti tó o. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Iṣẹ́ réwáyà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Coventry, MGB ọdún 1966 ni mo sì ń wà nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Ìlú Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, èyí tí ó jáde níbẹ̀ sì lé ní 500,000. Ẹni tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1974, tí ó ń wá bátìrì, yóò wá a tì. Ẹ̀yìn ìjókòó ni ó wà, nínú àpótí irin tí ó rọ̀ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ọkọ̀, méjì sì ni wọ́n. Ọ̀kan wà lápá òsì ọ̀pá tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, èkejì wà lápá ọ̀tún. Fóòtì 6 (ìwọ̀n agbára iná) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà kúkúrú kan ni ó so wọ́n tẹ̀ léra tí wọ́n fi di 12.

Ìbejì ni wọ́n. Iná tí ó bá gba inú Táíwò kọjá ni yóò gba inú Kẹ́yìndé kọjá, ìbáà jẹ́ nígbà tí a ń sítáàtì ọkọ̀, ìbáà jẹ́ nígbà tí dáínámò ń ṣájì wọn. Dáínámò ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Àròpọ̀ àwọn méjèèjì ni àpótí tí ń darí rẹ̀ ń wò, ó ń fún wọn ní fóòtì 14 àti díẹ̀, ó sì gbà pé wọn yóò pín in dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ìyẹn yàrá kéékèèké tí iná ti ń wá, ni ó wà nínú bátìrì kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà lápapọ̀, ìpín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nígbà ṣájì sì jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 2.4. Bí ọ̀kan nínú mẹ́fà yìí bá kú, àwọn márùn-ún tí ó kù ni yóò jẹ ìpín òkú, ìpín náà yóò sì pọ̀ jù fún wọn. Omi inú bátìrì tí ara rẹ̀ le yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, yóò sì máa gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí bátìrì ọ̀hún ṣe. Nígbà tí a bá sì ń sítáàtì, èyí tí ó ti gbó ni iná rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tán, iná èyí tuntun yóò wá máa fipá gba inú rẹ̀ kọjá títí tí yóò fi yí i sódì, tí pósítífù rẹ̀ yóò di nẹ́gétífù. Bátìrì tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà bọ̀ sípò mọ́.

Ní ọdún tí mo ra ọkọ̀ mi, òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù kan ni ó kọ̀ láti sítáàtì. Mo fi mítà wọn àwọn bátìrì náà: ọ̀kan ń sọ 6.3, èkejì ń sọ 4.3. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá kú máa ń gba fóòtì 2 lọ, nítorí náà kò ṣòro fún mi láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Mo ra ẹyọ kan, mo fi í sí ipò òkú, mo sì fi èyí tí ń sọ 6.3 sílẹ̀ síbẹ̀, èmi tí mo kọ́ṣẹ́, tí ó yẹ kí n mọ̀ pé ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, mo ń bọ̀ láti ìrìn-àjò kúkúrú kan, òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́ gba inú ọkọ̀ mi kan. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì tí mo sì ṣí ìdérí, bátìrì tuntun náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé ọwọ́ lé e, omi inú rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé àwọn òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀ hàn síta gbangba. Bátìrì àtijọ́ yẹn ni ó ti pàdánù sẹ́ẹ̀lì kan láìjẹ́ kí n mọ̀. Méjèèjì ni mo gbé sọnù lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, ọjọ́ kan náà ni mo ń ra méjèèjì, láti inú ìsọ̀ kan náà, irú kan náà, mo sì ń ṣájì ọ̀kọ̀ọ̀kan kún kí n tó so wọ́n pọ̀.

Ohun kejì tí ìmọ̀ràn yín kò mẹ́nu bà rárá ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú MGB tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1967, pósítífù ni ó so mọ́ bódì ọkọ̀, kì í ṣe nẹ́gétífù gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ní ìparí ọdún 1967 ni wọ́n yí i padà, nígbà tí wọ́n yọ dáínámò tí wọ́n fi ọ̀tánétọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá gbé bátìrì tuntun sínú ọkọ̀ ọdún 1965, tí ó sì so ó bí ó ti ń so ti Toyota rẹ̀, ó lè rò pé kò sí nǹkan, nítorí pé gílóòbù yóò tàn, ẹ́ńjìnnì pàápàá yóò ṣiṣẹ́. Rédíò ni yóò kọ́kọ́ jóná.

Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá kò sì tó láti gbára lé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní MGB ọdún 1964, ó ka ìwé rẹ̀ dáadáa, ó so pósítífù mọ́ bódì bí ìwé ti wí, kò sì mọ̀ pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà ṣáájú òun ti yí i sí nẹ́gétífù, tí ó sì ti fi ọ̀tánétọ̀ sí i. Bí ó ti fi wáyà ìkẹyìn kan orí bátìrì báyìí, iná ṣẹ́ yọ, gbogbo dáyóòdù inú ọ̀tánétọ̀ náà, tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, sì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ tọ ipa wáyà tí ó so mọ́ irin bódì títí dé orí bátìrì, kí ẹ wò ó bóyá àmì àròpọ̀ ni ó wà níbẹ̀ tàbí àmì àyọkúrò, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí wáyà náà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ bátìrì kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ yín, ẹ wo ẹnu àwọn ìdè orí wáyà: orí pósítífù bátìrì máa ń nípọn díẹ̀ ju orí nẹ́gétífù lọ, ìdè tí ẹnu rẹ̀ bá sì fẹ̀ jù ni wọ́n ṣe fún pósítífù. Bí ẹ bá rí i pé ẹnìkan ti fi òòlù lu ẹnu ìdè náà kí ó lè fẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

Èyí náà ni ó fa á tí òfin tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, pé nẹ́gétífù ni kí a kọ́kọ́ yọ, fi lè ṣe ìpalára níhìn-ín. Wáyà tí ó so mọ́ bódì ni kí a kọ́kọ́ yọ, èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́, òun náà ni a ó sì dá padà kẹ́yìn. Nínú MGB tèmi, pósítífù ni. Àyè inú àpótí yẹn há, irin ni gbogbo rẹ̀ yí ká, bí a bá sì ń fi sípánà tú orí tí kò so mọ́ bódì nígbà tí èkejì ṣì wà ní ìdè, ìdí sípánà kàn ní láti fara kan irin lásán, iná yóò bù yẹ̀rì. Mo máa ń bọ́ òrùka ìgbéyàwó mi sínú àpò, mo sì máa ń fi téèpù dúdú wé sípánà láti ọrùn títí dé ìdí kí n tó kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ìjókòó. Ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti àwọ̀ ewé, tí ó máa ń hù sí orí bátìrì, omi gbígbóná tí a pò mọ́ báékìn sódà ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ tí a sì ti dè é le, a ó fi fasilíìnì pa orí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ṣé kò sàn kí a kó méjèèjì dànù, kí a fi fóòtì 12 kan ṣoṣo sí ojú kan. Ó ṣeé ṣe, àwọn tí ń ṣe MGB fúnra wọn ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1974, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Bátìrì bẹ́ẹ̀ wà ní ìsọ̀ gbogbo, owó rẹ̀ sì kéré sí ti méjì. Èmi fẹ́ràn kí ọkọ̀ wà bí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò ṣẹ̀ bí ó bá mú fóòtì 12. Kí ó ṣáà wọn gíga rẹ̀ kí ó tó sanwó. Irin ni ìdérí àpótí náà, bí orí bátìrì bá sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìdérí fi lè kàn án nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, iná ni yóò yọrí sí. Àwọn àgbà tí wọ́n wa Volkswagen Ìjàpá nílé mọ ohun tí mo ń sọ. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì tirẹ̀ wà, bí ìdérí rẹ̀ bá sì ti sọnù, tí àgbàlagbà tí ó sanra wá jókòó, sípíríǹgì ìjókòó á fara kan orí bátìrì, èéfín á sì máa rú lábẹ́ èèyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn òǹkàwé yín tún fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àpótí náà nígbà tí ó bá ṣófo. Omi títì ń ta sí i láti ìsàlẹ̀, ásíìdì ń kán sí i láti òkè, irin rẹ̀ sì máa ń jẹrà tó bẹ́ẹ̀ tí ìka lè là á já. Láti ọdún 2018, òfin ilẹ̀ yìí kò fi dandan lé àyẹ̀wò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọn kò sì tún ṣe di ọ̀tọ̀, gbogbo MGB sì ti wọ inú ìyẹn báyìí. Kò sí mẹkáníkì tí òfin rán láti wo abẹ́ ọkọ̀ yẹn lọ́dún yìí tàbí lọ́dún tí ń bọ̀. Ọlọ́kọ̀ ni yóò wò ó.

Ní ti bátìrì àlòkù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jù ú sí ààtàn. Òjé ni ó kún inú rẹ̀, a sì ti rí ohun tí òjé inú bátìrì ṣe sí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ láàárín ìlú. Àwọn tí ń ra irin àlòkù níhìn-ín máa ń gbà á, òmíràn tilẹ̀ ń sanwó díẹ̀ lé e.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún ìmọ̀ràn náà tẹ̀ ní ojú ìwé ọkọ̀ yín tí ń bọ̀ kí oṣù kọkànlá tó dé. Ìgbà òtútù ni àwọn bátìrì wọ̀nyí máa ń kú jù, ìgbà náà sì ni àwọn òǹkàwé yín yóò máa wá ohun tí ẹ kọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Coventry, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.