Lẹ́tà sí Àjàní: Windows tàbí Linux fún géèmù rẹ

Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àjàní ọmọ mi, ọmọ Ọlálọ́mí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Màlété? Ara bàbá rẹ ti yá, ó ní kí n kí ọ. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù nípa láptọ́ọ̀pù rẹ, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, n kò ráyè dá ọ lóhùn bó ṣe yẹ.

O ní ẹnì kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yín fẹ́ bá ọ fi Windows 11 sí i lọ́nà ẹ̀bùrú, pé òun ní activator tí yóò sọ ọ́ di ojúlówó. Má gbà fún un. Processor Intel ìran kẹfà ló wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ, bẹ́ẹ̀ láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Bí wọ́n bá fipá fi sí i, kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé yóò máa rí update gbà. Activator yẹn ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n sábà máa ń ní kí o kọ́kọ́ pa antivirus kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Àjàní, ta ní í sọ fún onílé pé kó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, bí kò ṣe olè? Orí ẹ̀rọ yẹn ni password ilé ìwé rẹ wà, orí rẹ̀ lo ti ń ṣí ti báǹkì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí a kò rà, tí wọn kò sì fi ta wá lọ́rẹ, kì í ṣe tiwa. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

N kò sì fẹ́ kí o jókòó sórí Windows 10. October 14, 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un. Wọ́n fi ọdún kan lé e fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún kan kì í pẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ro Linux fún ọ, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe ni kí o ro àwọn géèmù tí ìwọ fúnra rẹ ń gbá. Mi ò sọ èyí tí o ń wò lórí YouTube o, èyí tí o ń ṣí lálẹ́ tí ìwé bá sú ọ ni mò ń wí. Football Manager ni tìrẹ láti sẹ́kọ́ńdírì. Euro Truck Simulator 2 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà GTA V. FC, géèmù bọ́ọ̀lù tí ẹ máa ń gbá lọ́jọ́ Jímọ̀, PlayStation ọ̀rẹ́ rẹ lẹ fi ń gbá a, kò kan láptọ́ọ̀pù rẹ. Ká ní orí láptọ́ọ̀pù lo ti ń bá àwọn èèyàn gbá FC lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ǹ bá ní kí o wá owó ẹ̀rọ tó gba Windows 11, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Anti-cheat ni kò jẹ́ kí FC ṣiṣẹ́ lórí Linux. Àwọn tó ń ṣe géèmù fi sí i láti mú àwọn tó ń ṣe òjóró. Òmíràn nínú wọn máa ń wọ ìsàlẹ̀ Windows lọ pátápátá, kí ó lè rí gbogbo ohun tó ń lọ lórí ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n kọ fún Windows kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Linux, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò sì fẹ́ kọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí Valorant, Fortnite àti FC kò fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Apex Legends ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ni ín ló dá a dúró ní 2024.

Ṣùgbọ́n géèmù tí èèyàn ń dá gbá, nǹkan ti yí padà. Ní 2018 ni Valve, àwọn tó ni Steam tí a ti ń ra géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé Proton jáde. Ohunkóhun tí géèmù bá ń béèrè lọ́wọ́ Windows, Proton yóò túmọ̀ rẹ̀ fún Linux lójú ẹsẹ̀. Òun ló ń gbé géèmù lórí Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tí wọ́n ń tà láti 2022. Football Manager yóò ṣiṣẹ́ fún ọ. Euro Truck kò tilẹ̀ nílò Proton, wọ́n ṣe ti Linux fún un. GTA V yóò ṣiṣẹ́ bí o bá ń dá a gbá. GTA Online ni kò ní ṣiṣẹ́, nítorí anti-cheat tí wọ́n fi kún un ní September 2024. Mo mọ̀ pé ìyẹn yóò dùn ọ́. Fi sílẹ̀, ọmọ mi.

Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, ni kí o lò. Òun ló wà lórí ẹ̀rọ tí ọmọ iṣẹ́ mi fi ń tẹ project àwọn ọmọ Poly níbí. Bí update bá wà, yóò sọ fún ọ, yóò sì dúró títí o fi máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ. Ìwọ tí o ń fi hotspot fóònù ṣe gbogbo nǹkan, o mọ ohun tí ìyẹn já mọ́ fún dátà rẹ.

Má pa Windows rẹ́ lọ́jọ́ kìíní o. Mo ti kọ Mint sórí flash kan, èyí tó ní okùn pupa. Ti flash náà bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù HP rẹ, tan ẹ̀rọ náà, máa tẹ F9 léraléra, kí o yan flash náà. Mint yóò ṣí láti orí flash láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Wò ó bóyá Wi-Fi mú, bóyá ohùn ń jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kó iṣẹ́ ilé ìwé rẹ sórí flash mìíràn, kí o sì kó fódà Sports Interactive tó wà nínú Documents pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Football Manager ń tọ́jú gbogbo sáà tí o ti gbá sí. Lẹ́yìn náà ni kí o tó fi Mint sí i gan-an, kí bátìrì sì kún, torí iná.

Bọ̀dá rẹ ń bọ̀ ní Màlété ní Sátidé, òun ni yóò mú flash náà wá. Bí Wi-Fi kò bá mú, má tẹ̀ síwájú. Pè mí lẹ́yìn ìrun Íṣáì, mo máa ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.